Ẹsẹ̀ Àdàbà Lọ́rùn Irin

Kò sí irin ìgbẹ́gi kan tí wọ́n rọ ní Adó tàbí ní Ìyìn tí Mosúnmọ́lá kò lè sọ ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́. Bí ẹ bá fi aṣọ dì í lójú pàápàá, yóò fi àtàǹpàkò wá ọrùn irin náà, níbi tó ti fẹ́ wọ inú igi ìdìmú, yóò fi èékánná ta á lẹ́ẹ̀kan, yóò gbọ́ bó ṣe ń dún, yóò wá ní, "Ìyìn ni èyí. Ọwọ́ ọkùnrin tí kì í ní sùúrù fún iná ni." Wọ́n á lọ wádìí, wọ́n á sì bá a bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀dẹ ló ti kọ́ ọ. Adéyẹyè bàbá rẹ̀, ní Òkè-Ìlá ní Adó, kì í rọ ọkọ́, kì í rọ àdá. Irin àwọn tó ń gbẹ́ igi nìkan ló ń rọ: èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbákọ. Àwọn ọmọkùnrin tí ì bá máa fẹ́ ẹwìrì fún un kò dúró. Ikú kó wọn bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Mosúnmọ́lá ló kù, Mosúnmọ́lá ló sì jókòó sídìí ẹwìrì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lójú odò pé ọkọ wo ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí èédú ti wọ inú èékánná rẹ̀, àfi bí wọ́n bá wá ọkùnrin onírin fún un. Ó gbọ́ ọ títí ó fi sú u, ó sì di ẹni tí kì í pẹ́ kó tó fi ẹnu gún èèyàn.

Nígbà tí Adéyẹyè bá rọ irin tán, á gé àmì tirẹ̀ sí ọrùn rẹ̀: ẹsẹ̀ àdàbà, ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ló jí àmì náà lò nítorí irin Adéyẹyè kì í tètè kú ẹnu. Ṣùgbọ́n ìka àárín ti Adéyẹyè máa ń tẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, àwọn olè ò sì mọ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ àdàbà ni ó máa ń gé àmì ẹni tó ni irin sí. Ẹnì kan a ní ihò méjì, ẹlòmíràn a ní ìlà dídùbúlẹ̀, kò sí ẹni méjì tí àmì wọn jọra. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú, àwọn èèyàn rẹ̀ á kó irin rẹ̀ padà wá sí àgbẹ̀dẹ kí ogójì ọjọ́ tó pé. Adéyẹyè á fi iná pọ́n ọrùn irin náà, á fi òòlù lù ú títí àmì olóhun yóò fi pòórá. Ẹsẹ̀ àdàbà á kù síbẹ̀, torí alágbẹ̀dẹ ò lè ṣàì jẹ́ ẹni tó rọ ọ́. Wọ́n á wá ní, "Wọ́n ti pa á." Irin òkú tí wọn ò bá tíì pa àmì rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníbàárà Adéyẹyè ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹni tó ni ín ṣì di apá kejì rẹ̀ mú.

Mosúnmọ́lá rí ọkọ fẹ́, ọkọ náà kú, ó fi ọmọ kan sílẹ̀ fún un. Ọlátúbọ̀sún ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni, igi sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Irin mẹ́rin tí Adéyẹyè rọ kẹ́yìn kí ó tó kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí ló rọ ọ́ fún, ó sì gé òrùka kékeré tó ní ihò kan láàárín sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ àdàbà. Lẹ́yìn èyí bàbá àgbà kú, iná àgbẹ̀dẹ kú, kò sì sí ẹni tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń pa àmì mọ́ àfi Mosúnmọ́lá.

Túbọ̀sún gbé Àtinúkẹ́ níyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú òrùka, lójú ìjọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ní òun ń lọ sí Sápẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la igi fún àwọn òyìnbó, pé ẹ̀ẹ̀rùn méjì lòun máa lò. Ó kó irin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò awọ. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta kọjá. Kò sí ìwé, kò sí ẹni tó ní òun rí i. Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó sọnù lọ, Mosúnmọ́lá sì máa ń dá ẹni tó bá pa á létí òun lóhùn pé kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ fi ọmọ tirẹ̀ dán an wò.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Òkè-Ìlá tí ń jẹ́ Àkíbù, mùsùlùmí ni, irin àlòkù ló ń rà káàkiri tó ń tà. Bó bá ti ìrìn àjò dé, ọ̀dọ̀ Mosúnmọ́lá ló máa ń tú ẹrù rẹ̀ sí, kí ó bá òun ya irin gidi kúrò lára pàǹtírí. Iyọ̀ tàbí obì ló fi ń dúpẹ́. Lọ́dún tí eéṣú bo oko, Àkíbù ti Ọ̀wọ̀ dé pẹ̀lú ìdì kan. Mosúnmọ́lá tẹ́ ẹní, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí, Ìkéré. Èyí, ti òyìnbó. Kò lè ka lẹ́tà tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n irin òyìnbó kì í ní ojú òòlù lára, ó máa ń dán bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Ó dé orí ìkẹta, ó rẹ́rìn-ín.

"Àkíbù, ẹni tó gé ẹsẹ̀ àdàbà yìí, kò rí àdàbà rí. Adìyẹ ló rí."

Àkíbù ní kí wọ́n dákun bá òun mú un bí àdàbà, pé òun ti ná owó lé e lórí. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ Mosúnmọ́lá kan ìkẹrin.

Ẹsẹ̀ àdàbà, ìka àárín tẹ̀ sósì. Lábẹ́ rẹ̀, òrùka tó ní ihò kan. Wọn ò pa á.

Ó béèrè ibi tí Àkíbù ti rí i. Àkíbù ní aláàárù kan ló fi gba iṣu lọ́wọ́ òun nítòsí Ọ̀wọ̀, pé kò sọ ibi tó ti ń bọ̀, ebi ló ń pa á. Nígbà tó rí ojú obìnrin náà, kò dúró kó bi í ní nǹkan kan. Ó di ẹrù rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ mú un, Màmá. Nǹkan yín ni." Ó lọ.

Àtinúkẹ́ ń gún èlùbọ́ lẹ́yìn ilé. Mosúnmọ́lá gbé irin náà sókè sí i, ó ní, "Túbọ̀sún ń bẹ láyé. Àmì rẹ̀ rèé, wọn ò pa á." Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ Àtinúkẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sọkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín pọ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí Àtinúkẹ́ sáré lọ pe ará ilé, Mosúnmọ́lá yí irin náà po, ó wo ẹnu rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Túbọ̀sún, bó bá pọ́n irin, ẹnu irin á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnu eléyìí gún régé, ó sì ti ká ní ibi mẹ́ta, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ṣí àpótí. Túbọ̀sún tí kò jẹ́ kí ìyàwó fi irin òun pa ẹyìn. Ọmọ tó bá ń bẹ láyé kì í fi irin rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ṣí àpótí. Gbogbo ohun tí àgbẹ̀dẹ kọ́ ọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi òkúta ìpọ́nrin. Ó da omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ó fì í sí ẹ̀gbẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ti máa ń fì í. Nígbà tí èrò dé, ẹnu irin náà ti di ti Túbọ̀sún, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù.

Ọdún méjì kọjá. Olúfúnṣọ́, tíṣà kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń wo Àtinúkẹ́ bí wọ́n bá ń jáde nínú ìsìn. Kò ṣe ìwà jàgídíjàgan. Ó tọ àwọn àgbà ìjọ lọ, ó ní bí ó bá dá wọn lójú pé ọkọ obìnrin yìí ti kú, òun yóò fẹ́ ẹ. Àtinúkẹ́ fúnra rẹ̀ kò sẹ́ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì bí. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu tú. Ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́.

Àwọn àgbà ìjọ pe gbogbo wọn jọ lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán. Wọ́n béèrè ẹni tó rí òkú Túbọ̀sún. Kò sí. Wọ́n béèrè ẹni tó mọ̀ pé ó wà láàyè. Mosúnmọ́lá dìde, ó tú kókó ìró rẹ̀, ó gbé irin náà lé orí tábìlì.

"Mi ò mọ̀wé," ó ní. "Ìwé tèmi rèé. Bàbá mi ló kọ ọ́, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Bí Túbọ̀sún bá kú, ṣé àmì yìí máa wà níbẹ̀?"

Àlùfáà, tí kì í ṣe ọmọ ìlú, ń wo irin náà bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta fún. Ṣùgbọ́n Akínyẹlé, olórí àwọn àgbà ìjọ, gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kó irin bàbá náà lọ sí àgbẹ̀dẹ Adéyẹyè nígbà tí bàbá náà kú. Ó mú irin náà, ó fi àtàǹpàkò yí òrùka náà ká, ó gbé e fún ẹni tó jókòó tì í. Irin náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Àmì yìí kò kú," ni Akínyẹlé wí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò ó pé ibi tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ Adéyẹyè rí, ta ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n pa àmì?

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Àtinúkẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Yèyé, irin lẹ fi mú mi."

"Ọkọ rẹ ló mú ọ," ni Mosúnmọ́lá dá a lóhùn. "Irin kàn bá a dì ọ́ ni."

Láti ọjọ́ kejì, ó gbé irin náà sórí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá Àtinúkẹ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀. Àtinúkẹ́ rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Òwúrọ̀ tí kò bá kí i, ìyá ọkọ rẹ̀ á jókòó sójúde, á máa ròyìn fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí odò pé àwọn obìnrin kan wà tí ń wá ọkọ nígbà tí ọkọ ń bẹ láyé, tí ikùn wọn ṣófo tí ojú wọn kò ṣófo. Nítorí náà, obìnrin náà ń kúnlẹ̀. Ó ń wí fún irin pé ẹ kú àárọ̀. Ó ń fi àdín pa á lára kí ó má baà dípẹtà. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sí i, ó pẹ́ kí wọ́n tó yé rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ó ti pa àdín tán, ó bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Yèyé, bó bá ń bẹ láyé, kí lẹ ṣe fún un tí kò fẹ́ padà wá bá yín?"

Mosúnmọ́lá wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò tí ìyá Àtinúkẹ́ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń relé ọkọ, ó gbé e jáde, ó rọra jọ̀wọ́ rẹ̀ láti òkè sórí òkúta, ó fọ́. Ó ní ọwọ́ ló yọ̀.

Olúfúnṣọ́ dúró fún ọdún méjì. Ọkùnrin kì í dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn tilẹ̀ ń sọ pé ó gbìyànjú. Ó fẹ́ Monínúọlá, ọmọ ìdílé kan ní Ìyìn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, Mosúnmọ́lá di iṣu mẹ́fà tó gún dáadáa, ó gbé e lé Àtinúkẹ́ lórí, ó ní kó bá òun kí wọn kú ìnáwó. Àtinúkẹ́ gbé e. Ó rìn dé Ìyìn, ó sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú ìyàwó tuntun, ó kí wọn, ó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Mosúnmọ́lá béèrè bóyá ìyàwó náà rẹwà. Àtinúkẹ́ ní ó rẹwà púpọ̀.

Ọdún méjì tún kọjá lórí èyí kí Akínbọ́lá tó dé.

Ọmọ Ìyìn ni Akínbọ́lá. Òun àti Túbọ̀sún ni wọ́n jọ ń fa ayùn kan ní Sápẹ́lẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú kòtò. Igi ti fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gbé e padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ló ní kí wọ́n mú òun wá sí Adó wá kí ìyá ọ̀rẹ́ òun. Ọ̀sán ni, Mosúnmọ́lá wà lójúde, Àtinúkẹ́ ń fẹ́ná lábẹ́ ògiri. Ọkùnrin náà jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì lọ sórí àpótí ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn.

"Yèyé Túbọ̀sún, ó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti ń bẹ̀rù pé aláàárù tí mo fi rán kò ní jíṣẹ́. Mo dúpẹ́."

Mosúnmọ́lá ní kí ni ó rán.

Akínbọ́lá rò pé ìbànújẹ́ ló jẹ́ kí obìnrin náà béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́. Ó ní ibà ni, ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní ìgbà tí Túbọ̀sún mọ̀ pé òun kò ní dìde, ó ní kí wọ́n fi irin mẹ́ta sin òun, kí wọ́n mú ẹ̀kẹrin lọ fún ìyá òun. "Ó ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ fọwọ́ kan àmì rẹ̀. Ó ní yèyé òun nìkan ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó ní bí ẹ bá rí i pé mi ò pa á, ẹ máa mọ̀ pé ẹ̀yin lòun fi í sílẹ̀ fún."

Ó na ọwọ́, ó mú irin náà bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó fi ìka wá ọrùn rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò tíì pa á?"

Àtinúkẹ́ ti kúrò nídìí iná, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọdún wo ló kú?" ló béèrè.

Akínbọ́lá ní ọdún tó ṣáájú ọdún eéṣú.

Àtinúkẹ́ ka ìka rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wọ yàrá lọ.

Nígbà tí wọ́n ti gbé àlejò lọ, Mosúnmọ́lá mú irin náà, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀ wà. Òrùlé rẹ̀ ti wó sí apá kan, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Òkúta tí wọ́n ń lu irin lé ṣì wà ní ipò rẹ̀. Awọ ẹwìrì ti jẹrà, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná, èédú mú díẹ̀díẹ̀. Ó ti irin náà bọ̀ ọ́, ó ń ṣọ́ ọrùn rẹ̀ bó ti ń dúdú, tó ń pọ́n, tó ń pọ́n sí i bí ẹyìn. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan ni yóò fi ẹ̀mú di irin mú kí ó má yẹ̀, ẹnì kan ni yóò lù ú. Òun ló máa ń di ẹ̀mú fún bàbá rẹ̀.

Ó pe Àtinúkẹ́. Àtinúkẹ́ jáde, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ kan, ó gbé e rù. Ẹrù tó fi wá sílé ọkọ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bá mi di ẹ̀mú mú," ni ìyá náà wí. Kò wí i bí àṣẹ. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa lù ú. Ọkọ rẹ ni, Àtinúkẹ́. Jẹ́ ká jọ sin ín."

Àtinúkẹ́ wo irin náà nínú iná. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹrù lórí, ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, ó sì dìde.

"Yèyé," ó ní, "bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, ẹ bá mi kí i."

Ó gba ọ̀nà Ìyìn lọ. Mosúnmọ́lá kò pè é padà. Iná ń kú lọ, irin kì í dúró de ẹkún. Ó fi ẹ̀mú mú un lọ́wọ́ òsì, ó gbé òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó lù ú. Irin náà yẹ̀ lórí òkúta. Ó tún lù ú, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ojú tó kún fún omi, títí pípọ́n fi kúrò lára rẹ̀ tí kò gba òòlù mọ́.

Ó rì í bọ omi, ó nù ún, ó fi àtàǹpàkò wá ọrùn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ àdàbà ló ti pòórá, àti ìka àárín tó tẹ̀ sósì, àti ti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ti di pẹrẹsẹ. Lábẹ́ rẹ̀, òrùka kékeré náà wà bó ti wà, pẹ̀lú ihò rẹ̀ láàárín. Bí wọ́n bá gbé irin náà fún ẹnikẹ́ni ní Adó báyìí, kò ní lè sọ ọwọ́ tó rọ ọ́. Ẹni tó ni ín nìkan ni yóò rí níbẹ̀.